Ọjọ́ kan ní Agra: ẹ jẹ́ kí àdéhùn ṣáájú owó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè láti bá àwọn òǹkàwé yín tó ń lọ sí Íńdíà sọ̀rọ̀, yálà fún ìtọ́jú ara, fún òwò tàbí fún ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo wo àwọn ààfin àti ibojì tí àwọn ọba Mughal kọ́ sí Agra àti Delhi. Púpọ̀ nínú wọn ló ń gba ọkọ̀ àti amọ̀nà tiwọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sanwó fún gan-an kì í yé wọn. Wọ́n rò pé ìtàn ni amọ̀nà ń tà. Ìtàn wà nínú ìwé. Àkókò ni amọ̀nà tó mọṣẹ́ ń tà: ó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń tilẹ̀kùn, ó mọ ẹnu ọ̀nà tí èrò kì í pọ̀ sí, ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn kúrò níbì kan kó tó lè bá ibòmíì. Àkókò yìí kan náà sì ni amọ̀nà burúkú ń jí gbé, tí yóò lọ tà fún onísọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Taj Mahal, ibojì mábù funfun tó wà ní Agra, kì í gba àlejò lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn tó fẹ́ kírun ní mọ́sáláṣí inú ọgbà náà nìkan ló ń wọlé lọ́sàn-án. Red Fort, ààfin olódi tó wà ní Delhi, ń sinmi tirẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Gatimaan Express, ọkọ̀ ojú irin tí ọ̀pọ̀ àlejò ń wọ̀ lọ sí Agra, kì í rìn lọ́jọ́ Jímọ̀. Síbẹ̀, àwọn aṣojú ìrìn-àjò kan wà tí yóò gbowó yín fún ọjọ́ Jímọ̀ láìfọhùn. Tí ẹ bá dé Agra, wọ́n á gbé yín sọdá odò Yamuna lọ sí Mehtab Bagh, ọgbà tó dojú kọ ẹ̀yìn Taj, wọ́n á ní ẹ ṣáà ti rí i. Ẹ rí i lóòótọ́, àmọ́ láti òdìkejì odò. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ nìkan lẹ ráyè, ẹ fi Agra Fort (ààfin olódi), Fatehpur Sikri (ìlú ọba àtijọ́) àti Mehtab Bagh ṣètò, kí ẹ sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Láti oṣù October sí March ni ojú ọjọ́ rọrùn jù. Ní May àti June, ooru Agra lè dé ìwọ̀n 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ilẹ̀ òkúta á gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀. December àti January ní wàhálà tiwọn: kùrukùru. Ó lè bo Taj pátápátá di nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kó dá ọkọ̀ ojú irin dúró, kó sì sọ títì márosẹ̀ di ibi eléwu. Aṣojú tó bá ń polówó “Taj nígbà tí oòrùn ń yọ” fún yín nínú oṣù January ń ta ohun tí kò lè fi dá yín lójú. Lásìkò yẹn, ẹ pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó gbéra, ẹ má sì jẹ́ kí dírẹ́bà sáré torí yín.

Ọ̀nà láti Delhi sí Agra tó nǹkan bí 230 kìlómítà. Yamuna Expressway, tí wọ́n ṣí ní 2012, gba 165 nínú rẹ̀. Orí títì yẹn kì í ṣe ìṣòro. Jíjáde kúrò nínú Delhi àti wíwọ inú Agra ló ń jẹ wákàtí. Ẹ ka wákàtí mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin ní àlọ, kí ẹ ka iye kan náà ní àbọ̀. Ẹni tó bá gbéra ní aago méje àárọ̀ yóò dé ẹnu ọ̀nà Taj nígbà tí àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá ti já èrò sílẹ̀ tán. Aago mẹ́rin ìdájí ló yẹ kí ọkọ̀ ti gbéra. Ẹni tí kò bá lè jí tó bẹ́ẹ̀, kó wọ Gatimaan Express ní ibùdó Hazrat Nizamuddin ní Delhi, díẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́jọ àárọ̀. Ogọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ló ń lò dé Agra Cantt, ibùdó ọkọ̀ ojú irin Agra, òun náà ló sì ń padà wá nírọ̀lẹ́. Kí amọ̀nà àti ọkọ̀ pàdé yín ní ibùdó. Èyí tó dára ju méjèèjì lọ ni kí ẹ sùn mọ́jú ní Agra, torí ilẹ̀kùn Taj ń ṣí ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó yọ, wákàtí àkọ́kọ́ yẹn kò sì lẹ́gbẹ́.

Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ kí ẹ tó wọlé. Ní Íńdíà, ọkọ̀ epo tàbí dísẹ́ẹ̀lì tó ń kó èrò fún owó gbọ́dọ̀ ní pátákó nọ́ńbà aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi dúdú kọ. Funfun ni ti ọkọ̀ àdáni. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ onípátákó funfun ránṣẹ́ láti gbé yín fún owó, ẹ dá a padà: kò ní àṣẹ iṣẹ́ yẹn, ọlọ́pàá lè dá a dúró lójú ọ̀nà, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò sì lè kọ̀ láti sanwó bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí aṣojú bá ní “gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀,” ẹ béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan: owó títì, owó ibùdókọ̀, owó orí tí ọkọ̀ ń san tó bá wọ Uttar Pradesh, ìpínlẹ̀ tí Agra wà, oúnjẹ dírẹ́bà, owó amọ̀nà, tíkẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sábà máa ń yọ síta láìsọ. Kì í sì í ṣe owó kékeré. Ní Taj, àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ń san 1,100 rúpìì láti wọ ọgbà, àti 200 rúpìì sí i láti gun orí pèpéle wọ inú ibojì. Agra Fort jẹ́ 650, ibojì Humayun, ọba Mughal kan, ní Delhi jẹ́ 600. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 15 kì í san. Iye wọ̀nyí lè yí padà, nítorí náà ẹ yẹ ojú ewé Archaeological Survey of India, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́, wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ra tiyín níbẹ̀ fúnra yín pẹ̀lú nọ́ńbà páálí ìrìnnà yín. 50 rúpìì ni ọmọ Íńdíà ń san láti wọ ọgbà Taj. Àwọn aṣojú kan ń ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú yìí fún àlejò, wọ́n á sì fi ìyókù sápò. Ẹ̀yin ni wọ́n máa dá padà ní ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe àwọn.

Wákàtí mẹ́ta ni tíkẹ́ẹ̀tì Taj wà fún. Ó tó, bí ẹ kò bá fi wákàtí kan nínú rẹ̀ jìyà níbi àyẹ̀wò. Ẹnu ọ̀nà méjì ni àlejò ń gbà wọlé, ti ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn. Ti ìwọ̀-oòrùn ni èrò sábà máa ń pọ̀ sí. Ti gúúsù kì í ṣe ọ̀nà ìwọlé. Ọkọ̀ elépo kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọgbà náà, nítorí èéfín ń ba mábù jẹ́. Láti ibùdókọ̀ Shilpgram ní ìhà ìlà-oòrùn, ọkọ̀ kékeré oníbátìrì ló ń gbé èèyàn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Láàárín ibùdókọ̀ àti ẹnu ọ̀nà ni àwọn olókùúta, oníràkúnmí, ayàwòrán àti àwọn tó ń ta ìbobàtà, àpò tí à ń fi bo bàtà, máa ń rọ́ lu àlejò. Ẹ má ra ìbobàtà lọ́wọ́ wọn. Ìbobàtà àti omi inú ìgò wà lára ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì àlejò òkèèrè ń fún yín. Ẹ rí i pé amọ̀nà gbà wọ́n.

Níbi àyẹ̀wò, ọkùnrin ní ìlà tirẹ̀, obìnrin ní tirẹ̀. Wọn kò gba oúnjẹ, tábà, ìṣáná, ọ̀bẹ, ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà, dúrónù, tàbí báàgì ńlá. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ dání á padà sẹ́yìn lọ fi í pamọ́, á sì tún tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Fóònù, páálí ìrìnnà, owó díẹ̀ àti omi ti tó.

Inú Taj gan-an ni ẹ ti máa mọ irú ẹni tó ń mú yín rìn. Mumtaz Mahal, aya Shah Jahan, ọba Mughal tó kọ́ Taj fún un, kú níbi ìbímọ ní Burhanpur ní 1631. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1632, gbogbo ọgbà náà kò sì parí tán títí di nǹkan bí 1653. Mábù funfun rẹ̀ wá láti Makrana ní Rajasthan. Amọ̀nà tó mọṣẹ́ á dúró lábẹ́ ẹnu ọ̀nà gíga ibojì náà, á ní kí ẹ wo àwọn ẹsẹ Kùránì tí Amanat Khan kọ yí i ká: lójú wa nísàlẹ̀, lẹ́tà wọn dọ́gba. Wọn kò dọ́gba rárá. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni wọ́n ń tóbi sí i, kí ojú ẹni tó dúró nílẹ̀ má bàa rí ti òkè bíi pé ó kéré. Á fi hàn yín pé ilé gogoro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ síta díẹ̀, kí wọ́n lè wó kúrò lára ibojì bí ilẹ̀ bá mì. Á ní kí ẹ wo àwọn òdòdó tí wọ́n fi òkúta oníyebíye ha sínú mábù, òkúta búlúù láti Afghanistan, òkúta pupa tí iná tọ́ọ̀ṣì ń mú tàn bí ẹyin iná. Á sì sọ fún yín pé nínú gbogbo ọgbà tí apá ọ̀tún àti òsì rẹ̀ bára mu yìí, ohun kan ṣoṣo ni kò sí láàárín: pósí Shah Jahan. Pósí Mumtaz ni wọ́n gbé sáàárín gbùngbùn. Ti ọkọ rẹ̀ wọlé lẹ́yìn ikú tirẹ̀, wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àfihàn sì ni méjèèjì. Sàréè gidi wà nísàlẹ̀ ilé, wọ́n kì í sì í ṣí i fún àlejò àfi ní ọjọ́ mẹ́ta ìrántí ikú Shah Jahan nínú Rajab, oṣù kan nínú kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí. Nínú ibojì, wọn kò gba fọ́tò láàyè.

Amọ̀nà tí kò mọṣẹ́ á sọ fún yín pé ọba gé ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ kí wọ́n má bàa kọ́ irú rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹ̀rí kankan fún un. Á tún sọ pé Shah Jahan fẹ́ kọ́ Taj dúdú sí òdìkejì odò. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú ilẹ̀ Mehtab Bagh ní àwọn ọdún 1990, ọgbà àti adágún omi ni wọ́n bá, àwọn òkúta “dúdú” náà sì jẹ́ mábù funfun tí ọjọ́ ti pa láwọ̀ dà. Àwọn ìtàn yìí dùn lẹ́nu, a kò ní kí wọ́n má sọ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ wọ́n bí òtítọ́ kò yẹ lẹ́ni tí à ń san owó ìmọ̀ fún.

Ẹ béèrè pẹ̀lú, kí ẹ tó gbéra, bóyá wọ́n ta àkàsọ̀ mọ́ ibì kankan lára ilé náà. Èérí afẹ́fẹ́ ń sọ mábù di pípọ́n, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń wá láti odò Yamuna sì ń ṣu àbàwọ́n aláwọ̀ ewé sí i lára. Amọ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ́ ẹ mọ́ ọn, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á ṣí i kúrò.

Láti Taj, Agra Fort ló kàn. Ọba Akbar, bàbá bàbá Shah Jahan, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1565, ògiri òkúta pupa rẹ̀ sì gùn tó kìlómítà méjì àbọ̀. Amar Singh ni orúkọ ẹnubodè tí ẹ máa gbà wọlé. Ọ̀nà ibẹ̀ gòkè, òkúta ni wọ́n tò sí i, nítorí náà ẹ má wọ bàtà tó ń yọ̀. Àwọn ológun ṣì ń gbé apá tó pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ pàdánù ni Musamman Burj, níbi tí Aurangzeb ti há Shah Jahan, baba rẹ̀, mọ́ láti 1658 títí tó fi kú ní 1666, tó ń wo Taj lókèèrè. Wákàtí kan àbọ̀ tó fún gbogbo rẹ̀. Ìdí tí a fi ní kó tẹ̀ lé Taj, kó má ṣáájú rẹ̀, ni pé ó ní gbọ̀ngàn àti òjìji. Ara lè gba ọ̀sán níbẹ̀ ju orí mábù Taj lọ.

Ibi kẹta ni wọ́n ti ń ṣì í. Fatehpur Sikri, ìlú tí Akbar bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1571, tó sì fi sílẹ̀ ní 1585, jìn tó 40 kìlómítà sí Agra ní ìwọ̀-oòrùn: wákàtí kan ní àlọ, wákàtí kan ní àbọ̀, méjì nínú ọgbà. Ó tọ́ sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń padà sí Delhi lálẹ́ ọjọ́ kan náà kò lè rí i tán láìsáré. Ní ti tiwa, ibojì Itimad-ud-Daulah ni a máa yàn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nur Jahan, ayaba Mughal kan, ló kọ́ ọ fún bàbá rẹ̀ láàárín 1622 sí 1628. Mábù funfun ni gbogbo ara rẹ̀, iṣẹ́ híha òkúta sínú mábù sì wà lára rẹ̀ ṣáájú Taj. Kò tóbi, èrò kì í pọ̀ níbẹ̀, bèbè odò kan náà sì ni òun àti Mehtab Bagh wà. Bí ẹ bá jáde kúrò ní Agra ní nǹkan bí aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́jọ àbọ̀ á bá yín ní Delhi.

Bí ẹ bá yan Fatehpur Sikri, ọkọ̀ á dúró ní ibùdó, ọkọ̀ mìíràn ni yóò gbé yín dé òkè. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń pera wọn ní akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mú yín rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Wọ́n á mú yín dé ibojì Salim Chishti, wòlíì Mùsùlùmí kan, nínú àgbàlá mọ́sáláṣí, wọ́n á ní kí ẹ ra aṣọ tí wọ́n ń fi bo sàréè náà ní owó gọbọi. Kò pọn dandan. Wíwọ àgbàlá mọ́sáláṣí yẹn kò gba owó, ààfin ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló kù. Amọ̀nà àti dírẹ́bà ń gba kọmíṣọ̀n lórí ohun tí àlejò bá rà, nítorí náà wọ́n á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, ẹ wá wo bí àwọn àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó kọ́ Taj ṣe ń ṣiṣẹ́. Wákàtí kan á lọ. Òkúta ọṣẹ ni wọ́n sábà ń tà ní orúkọ mábù: bí èékánná bá lè ha á, kì í ṣe mábù. Ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp kí ẹ tó san kọ́bọ̀ pé ẹ kò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù kankan, kí wọ́n sì dáhùn pé àwọn gbà. Ọ̀rọ̀ tí a bá ti sọ tẹ́lẹ̀ kì í dìjà. Ẹni tó bá fẹ́ rajà, kó fi í sí ìparí ọjọ́, kó sì gbé ohun tó rà dání. Èyí tí wọ́n bá ní àwọn á fi ránṣẹ́ lè yàtọ̀ sí èyí tí ẹ tọ́ka sí.

Nínú ọ̀rọ̀ WhatsApp kan náà, ẹ béèrè fọ́tò káàdì àṣẹ amọ̀nà. Ìjọba ló ń fún wọn ní káàdì náà, àwòrán ẹni tó ni ín wà lára rẹ̀. Kí ojú tó wà lórí káàdì jẹ́ ojú tí ẹ máa rí láàárọ̀, torí wọ́n máa ń fi ẹlòmíì rọ́pò.

Fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ ní Delhi, a kò gbà yín nímọ̀ràn láti rin 460 kìlómítà lọ-bọ̀ lọ́jọ́ kan. Ibojì Humayun wà nínú Delhi, Bega Begum, opó rẹ̀, ló ní kí wọ́n kọ́ ọ, àárín àwọn ọdún 1560 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ọgbà tí wọ́n pín sí mẹ́rin àti òrùlé rìbìtì tó ṣáájú ti Taj. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀ bí ara kò bá gbà á. Red Fort tẹ́jú jù ú lọ, àmọ́ ní àwọn ọjọ́ tó ṣáájú 15 August wọ́n máa ń tì í nítorí ayẹyẹ òmìnira. Bó bá jẹ́ Taj dandan ni, kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara wà ní ẹnu ọ̀nà; ẹ jẹ́ kí amọ̀nà béèrè rẹ̀ kí ẹ tó tò.

Owó: ẹ san díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ san ìyókù nígbà tí ẹ bá padà dé ilé ìtura, kì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà. Bí nǹkan bá dojú rú láàárín ọjọ́, ìjọba Íńdíà ní nọ́ńbà fún àlejò, 1363, tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ní èdè púpọ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò.

Àwa ni,
Àwọn òǹkàwé yín tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ìrìn-àjò afẹ́.